Onígun Mẹ́rin Tó Ṣófo

Enid Staniforth ló fún mi ní pẹ́ńsù àti fọ́ọ̀mù,
ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun, kí n má sáré.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn,
àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ń rí òdòdó tí kò ju orí abẹ́rẹ́
láàárín òkúta méjì létí títì Attercliffe.
Ohun tí àgbà dúró rí,
èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò rí i.

Lórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n ti fa ìlà sára gbogbo Bìrìtéènì
bí aṣọ tí aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí,
láti Shetland títí dé ìsàlẹ̀ Cornwall.
Ibi tí a bá ti rí ewé, àmì dúdú yóò bọ́ síbẹ̀.
Tiwa ní Sheffield, kílómítà méjì níbùú, méjì lóòró,
òfìfo ni.
Mo ní, "Bóyá nǹkan kan ò hù níbẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun gbogbo ló ń hù níbẹ̀.
Ẹni tó máa wò ó ni ò tíì débẹ̀."

Ewé àkọ́kọ́ ta mí lọ́wọ́.
Mo ké "èsìsì!" kí n tó rántí ibi tí mo wà.
Ó ní kí n tún un pè, ó kọ ọ́ sétí ìwé,
sípẹ́lì tí ìyá mi ì bá fi rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.
Èkejì, mo búra pé yánrin ni.
Ìbátan yánrin ni, kì í ṣe yánrin:
wọ́n jọra bí ọmọ ìyá tí a kò jọ tọ́.

Ojú ìlà méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù,
ọmọ onílẹ̀, àtọ̀húnrìnwá.
Pọ́pì pupa bá àgbẹ̀ ayé àtijọ́ wọlé pẹ̀lú ọkà,
ó pẹ́ débi pé òun ni wọ́n fi ń rántí ọmọ ogun wọn tó kú;
fọ́ọ̀mù ò gbàgbé: àjèjì àtijọ́.
Èyí tó bá wá lẹ́yìn ọdún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, àjèjì tuntun ni,
bó ti wù kó lo irínwó ọdún.

Mo rántí ewé kan nílé, tí a fi orúkọ olóṣèlú pè,
tí à ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ bí àdá bá ṣèèṣì.
Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé. Bàbá mi ò mọ̀,
ó rò pé ilẹ̀ tó bí òun ló bí i.

Lábẹ́ afárá, igi kan na ọwọ́ sórí odò Don,
ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀.
Ọ̀pọ̀tọ́! Inú Bíbélì nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Enid jókòó sórí òkúta.
Nígbà tí iná ilé-iṣẹ́ irin ń jó tọ̀sán-tòru,
wọ́n ń da omi gbígbóná sódò,
kóró ọ̀pọ̀tọ́ tí àwọn èèyàn jẹ bá omi ìdọ̀tí wá,
ó rí ooru, ó hù.
Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń yọ́ irin náà.
Ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé. Omi ti tutù. Bàbá ti lọ.
Igi ò gbọ́ pé wọ́n ti pa iná.

"Ojú ìlà wo ni kí n kọ ọ́ sí?"
"Àtọ̀húnrìnwá," láìwò mí.
Mo dákẹ́. Ó gbọ́ ìdákẹ́ mi.
"Ewéko ni mò ń kà, Ọláìtán, n kò ka èèyàn.
Kọ ọ́ dáadáa. Kọ pé ó so mẹ́ta."

Igba ó lé mẹ́rìnlá la kà kí òjò tó lé wa.
Lálẹ́, àmì dúdú kan hàn lórí àwòrán,
ó kéré ju orí èèrùn lọ.
Lọ́la, onígun mẹ́rin tó kàn.
Ó ní kí n wá bàtà tí omi ò lè wọ̀.